Ìlú Tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Tẹ̀dó: Ìgbé-Ayé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Oberlin

Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ti wà pẹ́ títí kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wọ inú rẹ̀. Ọjà ti wà níbẹ̀, ìjòyè ti wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ti ní ìwà àti àṣà tiwọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, bí àlejò ni ó ṣe dé, bí àlejò náà ni yóò sì ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú náà àti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni ó tẹ méjèèjì dó, kò sì sí odi kankan láàrin wọn. Oberlin ni orúkọ rẹ̀. Ìgbé-ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibi tí a ó sì kọjú sí jùlọ ni ilé ìdáná, ibi ìfọṣọ, tábìlì oúnjẹ àti ojú ọ̀nà, nítorí ó dá wa lójú pé níbẹ̀ ni a ti dán ìgbàgbọ́ àwọn ará Oberlin wò, ju inú yàrá ẹ̀kọ́ lọ.

Ọkùnrin méjì ni ó pilẹ̀ iṣẹ́ náà. John Jay Shipherd jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Elyria, tí kò jìnnà síbẹ̀. Philo Stewart, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sì ti ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì láàrin àwọn Choctaw, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ tí wọ́n sọ ìlú náà kì í ṣe ti ọba tàbí ti ọ̀gágun. Orúkọ Jean-Frédéric Oberlin ni, pásítọ̀ kan ní agbègbè Alsace tí ó kú ní ọdún 1826, ẹni tí ó bá àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ la ọ̀nà tí ó sì bá wọn ṣe afárá, tí ó sì ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àwọn abúlé orí òkè. Ẹni tí ó bá mọ irú ọkùnrin tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà yóò ti mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ilẹ̀ tí wọ́n rí kò dára. Ilẹ̀ amọ̀ tí omi ń rọ́gún sí ni, igbó dídí ni ó sì bò ó, ní nǹkan bí máìlì 35 sí Cleveland. Ní oṣù April ọdún 1833 ni ẹni àkọ́kọ́, Peter Pindar Pease, mú ìdílé rẹ̀ dé, tí ó sì fi ìtì igi kọ́ ilé sí abẹ́ igi ńlá kan. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ kẹta oṣù December, ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 44 ni ó wọlé: ọkùnrin 29, obìnrin 15. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yìí, nítorí kò wọ́pọ̀ nígbà náà pé kí a kó ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ti dàgbà jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì sọ pé ìtìjú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn tí ó wá tẹ ìlú náà dó fọwọ́ sí májẹ̀mú kan. Wọ́n ní ìríjú ni àwọn jẹ́ lórí ohun ìní àwọn. Àwọn yóò jẹ oúnjẹ tí kò ní àṣejù, àwọn yóò wọ aṣọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ asán, àwọn kì yóò mu ọtí líle, àwọn kì yóò fẹnu kan tábà, àwọn yóò sì tọ́jú opó àti ọmọ aláìníbaba bí ti ara wọn. Àní tíì àti kọfí pàápàá, wọ́n ní àwọn yóò jáwọ́ níbẹ̀ bí agbára bá ti gbé e tó. Kò yani lẹ́nu pé ní Oberlin kan náà yìí ni a ti dá ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti ilé ọtí sílẹ̀ ní ọdún 1893, ẹgbẹ́ tí agbára rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ọtí ní gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìpìlẹ̀ ọjọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ṣe àmì ara rẹ̀, wọn kò sì fi ṣe eré. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ni wọ́n yàn fún iṣẹ́: àwọn ọkùnrin ń gé igi, wọ́n ń hú gbòǹgbò, wọ́n ń ro oko, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ilé pákó, a sì ń san owó díẹ̀ fún wọn, kí ọmọ tálákà lè fi san owó oúnjẹ àti owó ẹ̀kọ́. Ìsinmi wọn tí ó gùn jù wà ní ìgbà òtútù, nítorí ìgbà náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko ń wá olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò di olùkọ́ fún oṣù mẹ́ta, yóò sì padà wá pẹ̀lú owó tí yóò fi jókòó ti ìwé. Àwọn òbí wa tí wọ́n gbé ilé míṣọ́n, tí wọ́n pọn omi tí wọ́n sì gé koríko kí wọ́n tó rí ìwé kà, kì bá tí rí àjèjì kankan nínú èyí.

Ní ti oúnjẹ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé wọ́n ṣe àṣejù nínú sísá fún àṣejù. Ẹ̀kọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sylvester Graham ti tàn ká nígbà náà, tí ó ní kí ènìyàn yẹra fún ẹran àti fún ohun gbogbo tí ń ta lẹ́nu, kí ó sì máa jẹ búrẹ́dì tí a kò sẹ́ èèrí kúrò nínú ìyẹ̀fun rẹ̀. Ní ọdún 1840 wọ́n fi ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ kan ṣe olùtọ́jú ilé oúnjẹ. Ẹran kò sí, ata kò sí, kọfí kò sí. Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ wa nìkan ni yóò mọ irú ìyà tí èyí jẹ́! Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn lọ sí ilé àwọn ará ìlú láti jẹun níbẹ̀. Ní ọdún 1841 àwọn ènìyàn pàdé, wọ́n sọ gbangba pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oko ró, olùtọ́jú náà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó le ju ti ata lọ ti dé sí ẹnu ọ̀nà wọn ṣáájú èyí. Ní ìlú Cincinnati, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Lane ti jíròrò ọ̀rọ̀ òwò ẹrú fún ọjọ́ púpọ̀ ní ọdún 1834, Theodore Weld ni ó sì ṣíwájú wọn. Nígbà tí àwọn alábòójútó ibẹ̀ fi òfin pa ẹnu wọn mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Shipherd, tí ó ń wá owó àti olùkọ́ kiri, bá wọn pàdé. Wọ́n ní àwọn yóò wá sí Oberlin, Asa Mahan yóò wá ṣe olórí, ajíhìnrere ńlá nì, Charles Finney, yóò wá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn, Arthur Tappan àti Lewis arákùnrin rẹ̀, oníṣòwò ní New York, yóò sì pèsè owó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, a kò sì gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara dí akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ́nà.

Ẹ má ṣe rò pé ìlú náà fò fún ayọ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀ léèrè, àwọn tí ó kọ̀ pọ̀ ju àwọn tí ó gbà lọ. Àwọn obìnrin mìíràn ní bí ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú bá wọlé, àwọn yóò padà sí ilé. Ní oṣù February ọdún 1835 àwọn alábòójútó pàdé ní ilé Shipherd, ìbò wọn sì dọ́gba. John Keep, ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ó wà ní ipò alága, ni ó fi ìbò tirẹ̀ já a, ó sì gbà kí wọ́n wọlé. Ìtàn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni pé ìyàwó Shipherd ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìdààmú ọkàn, àti pé nígbà tí Keep jáde wá sọ fún un, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ kó àwọn arábìnrin jọ láti dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìbò ẹnì kan ṣoṣo ṣe sọ Oberlin di Oberlin.

Àwọn tí wọ́n ti Lane wá gbé inú ilé gígùn kan tí a fi pákó tí èèpo igi wà lára rẹ̀ kọ́. Finney ní tirẹ̀ ní àgọ́ aláṣọ ńlá kan tí ó lè gba nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, àsíá sì wà ní òkè rẹ̀. Lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lane ni James Bradley wà, tí a jí gbé láti ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ olówó rẹ̀, òru ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń hun ohun ọrùn ẹṣin, ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, títí ó fi ra ara rẹ̀ padà. Ó wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Sheffield, ní ẹ̀ka tí Oberlin ní níbẹ̀. Ní ọdún 1846 ọmọbìnrin Mende kan tún dé, Margru, tí wọ́n ń pè ní Sarah Kinson. Ó wà lára àwọn ọmọdé tí ó wà nínú ọkọ̀ Amistad ní ọdún 1839, nígbà tí àwọn tí a dè nínú rẹ̀ dìde sí àwọn olówó wọn. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1849, ó sì padà sí Sierra Leone láti kọ́ àwọn ọmọ. Ilẹ̀ Sierra Leone kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ìjọ wa ti gba ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó padà sí Abẹ́òkúta àti Èkó. Nítorí náà orúkọ Margru kì í ṣe àjèjì pátápátá láàrin wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn obìnrin. Ní ọdún 1837 ni wọ́n gba obìnrin mẹ́rin sí ipa ẹ̀kọ́ kan náà tí àwọn ọkùnrin ń gbà, mẹ́ta nínú wọn sì gba oyè ní 1841. Ohun ìyìn ni èyí. Ṣùgbọ́n ta ni ń fọ aṣọ àwọn ọkùnrin? Ta ni ń tún un rán, ta ni ń se oúnjẹ wọn, ta ni ń fọ abọ́ tí wọ́n jẹ tán? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan náà ni. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a pín fún wọn nìyẹn. Lucy Stone, tí ó dé ní ọdún 1843 lẹ́ni ọdún 25, ń gba sẹ́ǹtì mẹ́ta fún wákàtí kan lórí iṣẹ́ ilé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní wákàtí méjì lójúmọ́ kí owó rẹ̀ tó pé. Ó tún ń kọ́ àwọn àgbà ọkùnrin dúdú tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú ní ìwé kíkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ inú wọn kò dùn pé obìnrin ni a fi ṣe olùkọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí iná mú ilé àwọn obìnrin tí Stone kò sì sí nílé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wọ̀nyí ni ó sáré wá láti gba àpótí rẹ̀ là.

Wọ́n kò jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀ ní gbangba níwájú ọkùnrin. Stone àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Antoinette Brown bá ń kó àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ sí inú igbó láti kọ́ bí a ti ń jiyàn. Nígbà tí òtútù bá sì dé, ilé ìyá àgbà dúdú kan ni wọ́n ń lò. Ní 1847, nígbà ìgboyè, wọ́n ní ọkùnrin ni yóò ka ohun tí Stone bá kọ fún àwùjọ. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kì yóò kọ ọ́ rárá. Brown dúró, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn títí dé òpin ní 1850, wọn kò sì fún un ní oyè. Ọdún 1853 ni ìjọ kan fi í jẹ òjíṣẹ́. A kò ní àwáwí láti ṣe fún àwọn olùkọ́ wọn. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì dúró sí àárín rẹ̀.

Ìgbà tí ìlú àti ilé-ẹ̀kọ́ fi ìṣọ̀kan wọn hàn jùlọ ni oṣù September ọdún 1858. Ní àkókò náà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará ìlú ni ó jẹ́ ènìyàn dúdú, àwọn mìíràn lómìnira, àwọn mìíràn sì ti sá kúrò lóko ẹrú. Òfin ọdún 1850 sì ní kí gbogbo ènìyàn ran olówó ẹrú lọ́wọ́ láti mú ẹrú rẹ̀ tí ó sá. John Price, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Kentucky sá wá, wà ní Oberlin. Àwọn amúni kò dá a láṣà láti mú un láàrin ìlú. Wọ́n fún ọmọkùnrin òyìnbó kan ní ogún dọ́là, kí ó fi iṣẹ́ híhú ọ̀dùnkún tan Price jáde. Ọmọ náà tàn án, wọ́n gbá a mú lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbé e gba ọ̀nà Wellington, tí ó tó máìlì mẹ́sàn-án, láti fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ansel Lyman, ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà náà, ó sì bá wọn pàdé. Ó sáré wọ ìlú, ó kéde. Ẹ wo ẹni tí ó jáde: akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n, alágbẹ̀dẹ, onísọ̀ ìwé, àgbẹ̀, dúdú àti funfun, lórí ẹṣin, nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, àti lórí ẹsẹ̀. Wọ́n yí ilé èrò tí wọ́n ti Price mọ́ ká títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, lẹ́yìn náà wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé e jáde. Ilé ọ̀jọ̀gbọ́n James Fairchild ni wọ́n fi pamọ́ sí, nítorí ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni Fairchild, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé ó lè rú òfin. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Price lọ sí Kánádà.

Ìjọba pe ènìyàn 37 lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lo oṣù bíi mẹ́ta nínú túbú ní Cleveland ní ọdún 1859, ọ̀jọ̀gbọ́n àti akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Méjì ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi kí wọ́n tó parí ọ̀ràn náà: Simeon Bushnell, akọ̀wé ní ìsọ̀ ìwé, ṣe ọgọ́ta ọjọ́, Charles Langston, ọkùnrin dúdú tí ó ti kàwé ní Oberlin, ṣe ogún ọjọ́, lẹ́yìn tí ó ti bá adájọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìgboyà tí ó mú kí wọ́n dín ìyà rẹ̀ kù. James Fitch, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wà lára àwọn tí a tì mọ́lé; ní oṣù July, nǹkan bí irínwó nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wá kí i ní túbú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ fi ojú inú wo ọjọ́ náà.

Nítorí èyí gan-an ni ìtàn Edmonia Lewis fi dùn wá. Ní ọdún 1859 ni ó dé, ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀yà Ojibwe, wọ́n sì fi í wọ̀ sí ilé John Keep, ẹni tí ìbò rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1862 àwọn ọmọbìnrin òyìnbó méjì tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé náà mu wáìnì tí ó bù fún wọn, wọ́n ṣàìsàn, wọ́n sì ní májèlé ni. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan gbé Lewis lọ sí pápá ní alẹ́, wọ́n lù ú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú òtútù. A kò mú ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. John Mercer Langston, arákùnrin Charles, ni ó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, a sì dá a sílẹ̀ nítorí kò sí ẹ̀rí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n tún fi ẹ̀sùn olè kàn án. Wọn kò rí ohun kan dì mú, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí ó kù. Ó lọ láìgba oyè, ó di agbẹ́rè òkúta mábù ní Róòmù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní àfihàn ńlá Philadelphia ní 1876. Ó kú ní London ní 1907. Ìlú tí ó fẹ́ wọ túbú nítorí àlejò tí a gbé lọ lójú ọ̀nà kò lè dáàbò bo ọmọ tí ń sùn ní ilé alàgbà rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, iná ọkàn àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tábìlì oúnjẹ sì tún dìde ní 1882: àwọn obìnrin òyìnbó kan ní àwọn kò ní bá dúdú jẹun lórí tábìlì kan, awuyewuye ńlá sì bẹ́ sílẹ̀. Fairchild, tí ó ti di olórí ilé-ẹ̀kọ́ láti 1866, takò ìyapa náà. Àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ní 1884, Anna Julia Cooper, tí a bí sóko ẹrú, àti Mary Church gba oyè kan náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Cooper sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1925. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mary Church, tí ó ti di ìyàwó Terrell, mú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí Oberlin ní nǹkan bí ọdún 1913, wọn kò rí yàrá gbà sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí òun ti rí i nígbà tirẹ̀. Ó kọ̀wé sí olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì sọ bí ó ti dùn ún tó.

Ní ọdún 2022 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fún Edmonia Lewis ní ìwé oyè rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 115 tí ó ti kú. Títí di òní, ìlú náà kéré, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni ó ṣì kó apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti 1950 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti dá ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe sílẹ̀, nínú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ra oúnjẹ, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n sì ń gbálẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé. Àti ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń fọ abọ́ níbẹ̀.